Ìtàn Samuel Àjàyí Crowther, Ẹni Tí Ó Tú Bíbélì Sí Èdè Yorùbá

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe lórí ẹsẹ Bíbélì kan. Orí ẹni tí ó jẹ́ kí a rí ẹsẹ Bíbélì kà ní èdè wa ni a fẹ́ dúró lé. Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Ẹ wo bí ó ti rí ní agbègbè wa níhìn-ín. Ní Adja-Ouèrè, ní Ikpinlè, ní Massè, ní Oko-Akarè, títí dé àwọn abà tó wà láàrin oko ọ̀pẹ àti oko àgbàdo, Faransé ni ọmọ ń kà ní ilé ìwé. Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé ìbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀rù bá ba ọmọ náà lóru, Faransé kọ́ ni yóò fi ké pe Ọlọ́run, èdè ìyá rẹ̀ ni. Ìyá àgbà tí kò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí mọ Orin Dáfídì tí ó máa ń kà nígbà tí ara rẹ̀ kò bá dá. Ó mọ̀ ọ́n sórí, kò sì ṣi ọ̀rọ̀ kan.

Ta ló wá fi ọ̀rọ̀ náà sí i lẹ́nu? Àwọn kan nínú wa rò pé òyìnbó ló jókòó, tó kọ Bíbélì Yorùbá, tó sì gbé e fún wa. Ó tì o. Òyìnbó bá wọn ṣe nínú rẹ̀, a kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, tó sì ru èyí tó wúwo jù nínú ẹrù náà, ọmọ Yorùbá ni. Wọ́n ti fi ẹni náà pààrọ̀ ẹṣin rí. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. Ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀.

ỌMỌ ÒṢOÒGÙN

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n bí i ní Òṣoògùn, ìlú kan ní agbègbè Ìsẹ́yìn, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Nàìjíríà lónìí. Ẹ̀yin náà mọ ìtumọ̀ Àjàyí: ọmọ tó dojú bolẹ̀ wáyé ni. Àfàlá ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ní ìgbà náà, ìjọba Ọ̀yọ́ ti ń dàrú, ogun ń jà káàkiri, ọ̀rọ̀ ẹrú sì ti ba ayé jẹ́. Ẹni tó bá lágbára ló ń kó ẹni tí kò lágbára.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, ogun wọ Òṣoògùn. Àwọn Fúlàní àti àwọn Mùsùlùmí láti Ọ̀yọ́ ló wà nínú ogun náà. Àjàyí tó ọmọ ọdún méjìlá sí mẹ́tàlá. Bàbá rẹ̀ sáré wá sílé láti sọ fún wọn pé kí wọ́n sá, ó sì padà lọ jà. Wọn kò fojú kàn án mọ́. Àwọn jagunjagun mú Àjàyí, wọ́n mú ìyá rẹ̀, wọ́n mú àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì, èyí tó kéré jù kò tíì pé ọdún kan. Wọ́n fi okùn so wọ́n mọ́ra bí ẹni so ewúrẹ́, wọ́n sì ń dá wọn lọ sí Ìsẹ́yìn. Bí wọ́n ti ń lọ ni wọ́n ń bojú wẹ̀yìn, tí wọ́n ń rí èéfín ìlú wọn.

Ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti ya ọmọ kúrò lára ìyá. Wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tó tó oṣù méjì, ẹni tó gbà á ní ẹṣin náà kò wu òun mọ́, ló bá dá ọmọ padà, ó gba ẹṣin rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ ohun tí a sọ yẹn dáadáa. Wọ́n gbé ọmọ ènìyàn àti ẹṣin sórí òṣùwọ̀n kan náà.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ó bọ́ sọ́wọ́ obìnrin kan tí í ṣe Mùsùlùmí, tó máa ń mú un rin ìrìn àjò lọ sí ìhà Pópó. Ó ti gbọ́ pé àwọn Potogí ń ra ẹrú ní etí òkun, ẹ̀rù sì bà á débi pé ó pinnu láti fi ọ̀já ìdí rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn lóru. Ọkàn rẹ̀ kò gbà á láti ṣe é. A lè sọ pé àyà rẹ̀ já ni, àmọ́ àwa gbà pé ọwọ́ Ọlọ́run ló dì í mú. Wọ́n tún tà á, wọ́n fi gba tábà àti ọtí. Níkẹyìn ó dé Èkó. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ rí òyìnbó.

ÒKUN KÒ GBÉ E LỌ

Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi Potogí kan tí ń jẹ́ Esperança Felix, òun àti àwọn ẹrú mìíràn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú fún àwọn ènìyàn tirẹ̀ láti ọdún 1807, wọ́n sì ní àwọn ọkọ̀ ogun tó ń ṣọ́ etí òkun wa. Ọkọ̀ náà kò tíì lọ jìnnà rárá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi bá wọn tí wọ́n sì gbà wọ́n. Myrmidon ni orúkọ ọkọ̀ tí wọ́n kó Àjàyí sí.

Àwọn ọmọ náà kò mọ̀ pé wọ́n ti bọ́. Ẹ̀rù wọn tún pọ̀ sí i ni. Nígbà tí wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ funfun tí wọ́n so kọ́, wọ́n rò pé ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ti pa. Nígbà tí wọ́n rí ọta àgbá tí wọ́n tò jọ rọ̀gbọ̀dọ̀ rọ̀gbọ̀dọ̀, wọ́n ní orí ènìyàn nìyẹn. Àfìgbà tí wọ́n súnmọ́ ọn, tí wọ́n rí i pé irin ni, kí ọkàn wọn tó balẹ̀. Báyìí ni ọ̀pọ̀ wa ṣe máa ń rí nígbà tí Ọlọ́run bá ń gbà wá, tí a kò sì dá ọwọ́ Rẹ̀ mọ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 1822 wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró. Wọ́n mú un lọ sí abúlé Bathurst. Láàrin oṣù mẹ́fà, ọmọ tí kò mọ A yàtọ̀ sí B ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tún kọ́ ọ ní iṣẹ́ káfíńtà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825 ó ṣe ìrìbọmi, ó gba orúkọ Samuel Crowther, èyí tí í ṣe orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan ní London. Ṣùgbọ́n kò sọ Àjàyí nù.

Ní ọdún 1826 wọ́n mú un dé London fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó padà, ilé ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay ṣí ní Freetown ní ọdún 1827, òun ló sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ó fẹ́ Àsánò, ọmọbìnrin kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú bíi tirẹ̀, tí orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ ń jẹ́ Susan. Àwọn méjèèjì di olùkọ́. Ọlọ́run fún wọn ní ọmọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn obìnrin, Abigail, ló bí Herbert Macaulay, ẹni tí ó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ará Èkó lọ́dọ̀ ìjọba òyìnbó.

NÍGBÀ TÍ ÌJỌ KỌ́KỌ́ GBỌ́ YORÙBÁ

Ní ọdún 1841 àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ mẹ́ta gòkè Odò Ọya. Crowther bá wọn lọ, òun àti míṣọ́nnárì Jámánì kan tó ń jẹ́ Schön. Ibà pa nǹkan bí 40 nínú àwọn òyìnbó tó lọ. Ìrìn àjò náà já sí òfo lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, àmọ́ ohun kan yé gbogbo wọn: bí ìyìn rere yóò bá wọ ilẹ̀ yìí, ọmọ ilẹ̀ yìí ló gbọ́dọ̀ gbé e, èdè ilẹ̀ yìí ni a sì gbọ́dọ̀ fi sọ ọ́. Wọ́n pe Crowther lọ sí London, wọ́n sì fi í jẹ àlùfáà ní ọdún 1843. Ní ọdún náà kan náà ni ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá kọ́kọ́ jáde.

Ó padà sí Freetown. Àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú pọ̀ níbẹ̀ bí eèrà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń ṣe ìsìn fún wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 1844, Crowther pe ìsìn ní èdè Yorùbá. Ó ka ìwé Lúùkù orí kìíní, níbi tí áńgẹ́lì ti ń bá Màríà sọ̀rọ̀, ó sì wàásù lórí rẹ̀. Ilé kún. Bí ó ti ń gbàdúrà ni àwọn ènìyàn ń dáhùn pé kó ṣẹ, kó ṣẹ. Ẹ rò ó wò. Àwọn tí ogun ti kó kúrò nílé, tí wọ́n ti rò pé Ọlọ́run àwọn òyìnbó kò gbọ́ èdè àwọn, wọ́n wá rí i lọ́jọ́ yẹn pé Ó gbọ́.

ÀJÀYÍ ÀTI ÌYÁ RẸ̀

Ní oṣù kìíní ọdún 1845, Crowther àti àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì, Townsend àti Gollmer, dé Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá tó ń retí wọn, ti kú, ọ̀nà sì dí. Wọ́n dúró ní Àgbádárìgì fún nǹkan bí ọdún kan àbọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni ọ̀nà là. Townsend àti Crowther wọ Abẹ́òkúta.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n débẹ̀ tí ìyá Crowther fi gbọ́ pé ọmọ òun wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846, Àfàlá wá. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọn kò tíì ríra. Ìyá wo ọmọ, ọmọ wo ìyá, kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀. Ìyá kàn ń gbọ̀n ni. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní àwọn orúkọ tí wọ́n ń pè é nígbà kékeré. Àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin náà wà láàyè.

Ní ọdún 1848 ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún Àfàlá. Orúkọ wo ni wọ́n fún un? Hánà. Ẹ̀yin tó mọ Bíbélì, ẹ mọ̀ pé Hánà ni ìyá Sámúẹ́lì, ẹni tó fi ọmọ rẹ̀ fún Olúwa. Ìyá yìí kò fi tirẹ̀ sílẹ̀ tinútinú, ogun ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Olúwa dá a padà, ó dá a padà ní Sámúẹ́lì. Màmá náà pẹ́ láyé. Ọdún 1883 ló tó sùn nínú Olúwa.

BÍ Ó TI ṢE IṢẸ́ NÁÀ

A fẹ́ kí ẹ mọ bí iṣẹ́ náà ti le tó. Nígbà náà kò sí ilé ìwé Yorùbá, kò sí ìwé tí a ó wò. Crowther fúnra rẹ̀ ti kúrò nílé láti kékeré, Yorùbá ọmọ ọdún méjìlá ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wá rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó máa ń jókòó ti àwọn àgbà, á máa gbọ́ bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, bí wọ́n ti ń pa òwe, bí wọ́n ti ń ṣe ìdájọ́, bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ níbi òkú àti níbi ìbọ. Ọ̀rọ̀ tó bá dùn mọ́ ọn létí, á kọ ọ́ sílẹ̀. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọ́ Gíríìkì, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ náà kò bá rí bí ọ̀rọ̀ àgbà létí, àgbà kò ní gbọ́ ọ.

Ohùn èdè wa tún jẹ́ ìṣòro. Ọkọ tí obìnrin fẹ́ yàtọ̀ sí ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń ro oko, ó yàtọ̀ sí ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ó sì tún yàtọ̀ sí ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń gbé. Lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn, ohùn ló pín wọn níyà. Crowther rí i pé bí a kò bá fi àmì sí ọ̀rọ̀, ẹni tó ń kà á yóò ṣìnà. Ìdí nìyẹn tí àmì fi wà lórí àwọn ọ̀rọ̀ nínú ìwé rẹ̀. Ní ọdún 1852 ni ìwé gírámà àti ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó tóbi jáde.

Lẹ́yìn náà, ó ní láti yan ọ̀rọ̀. Kí ni a ó máa pe Ẹlẹ́dàá? Kò mú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì wá. Ọlọ́run tí àwọn bàbá wa ti ń pè kí ìwé tó dé, orúkọ náà ló lò. Kí ni a ó máa pe ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ pẹpẹ? Kò pè é ní babaláwo, ó pè é ní àlùfáà, ọ̀rọ̀ tí a ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn Mùsùlùmí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àdúrà, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwàásù, bẹ́ẹ̀ náà ni wòlíì: gba ẹnu àwọn Mùsùlùmí ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fi wọ èdè wa, láti èdè Lárúbáwá. Ẹ̀yin wòlíì inú ìjọ, ibi tí orúkọ yín ti wá nìyẹn o. Kò sí èdè tó dá wà.

A kò ní fi pamọ́ pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú Bíbélì náà ni gbogbo ènìyàn gbà. Wọ́n fi Èṣù pe ọ̀tá ọkàn wa, àwọn tó mọ ìtàn Yorùbá sì ń jiyàn lórí rẹ̀ títí dòní, wọ́n ní Èṣù tí àwọn bàbá wa mọ̀ kì í ṣe ẹni kan náà pẹ̀lú Sátánì. Ẹni tó bá sì ń sọ Nàgó tàbí Ọ̀họ̀rí ní agbègbè wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, pé àwọn ibì kan wà tí a ní láti bi ara wa léèrè kó tó yé wa. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn kò lè ṣe kó má ní ibi tó kù sí. Àmọ́ ẹ fi wé bí kò bá sí rárá.

Ìwé Róòmù ló kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1850. Lúùkù, Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì àti àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1851, nígbà tí ogun Dáhòmì wá kọlu Abẹ́òkúta ní oṣù kẹta, Crowther wà níbẹ̀. Ọlọ́run kò jẹ́ kí ìlú náà ṣubú. Ní ìparí ọdún yẹn kan náà ó dé iwájú Ọbabìnrin Fíktóríà ní ìlú òyìnbó, ó sọ̀rọ̀ nípa òwò ẹrú àti nípa Èkó, ọbabìnrin sì ní kó ka Àdúrà Olúwa ní Yorùbá. Ó kà á. Ẹni tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin ní Ìsẹ́yìn ló dúró ní ààfin yẹn.

Ẹ má sì rò pé ìtàn náà jìnnà sí wa. Ní ọdún 1853 Crowther rìn dé Kétu, ìlú aládé tó wà ní ìhà àríwá wa níhìn-ín, tó ní odi ńlá àti ẹnu ibodè Àkábà Ìdẹ́nà. Ìyìn rere ní èdè wa ló gbé dé ọ̀dọ̀ Alákétu. Nígbà náà kò sí ààlà Nàìjíríà àti Benin. Lẹ́yìn náà ni ogun Dáhòmì fọ́ Kétu ní ọdún 1886, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì dèrò oko ẹrú. Nígbà tí Faransé dé, tí wọ́n tún ìlú náà ṣe ní ọdún 1894, ìlú padà, ìwé náà sì tún padà wọ agbègbè wa.

INÁ

Ní ọdún 1862, iná jó ilé Crowther ní Èkó. Àwọn ìwé tó ti túmọ̀ tí wọn kò tíì tẹ̀, àti àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ti ń kó jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo rẹ̀ ló jóná. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tó wà láàrin wa, ẹ mọ bí ó ti rí tí iná bá jó oko ọ̀pẹ tí a ti ń tọ́jú láti ìgbà tó wà ní kékeré. Ènìyàn á kàn jókòó sílẹ̀ ni.

Crowther kò jókòó sílẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò sì dá a ṣe. Thomas King, ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀, ti bá a ṣe iṣẹ́ ńlá lórí Májẹ̀mú Tuntun kí ó tó kú ní ọdún 1862 kan náà. Àwọn òyìnbó bíi Gollmer àti Hinderer bá wọn ṣe é, àwọn mìíràn sì tún wá lẹ́yìn wọn. Ní ọdún 1875 wọ́n pe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ti máa kọ Yorùbá, Crowther ló sì ṣe alága. Àmì tó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, ìpàdé yẹn ló fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ní Benin níhìn-ín, ìjọba ti ní ọ̀nà tirẹ̀ láti kọ ọ́, wọn kì í fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Bíbélì tó wà lọ́wọ́ wa, bí ìpàdé Èkó ti wí ni wọ́n kọ ọ́.

Ní ọdún 1884 ni Bíbélì Yorùbá pé, láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn. Láti ìgbà tí Róòmù ti jáde, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni.

Irú iṣẹ́ yìí kò tíì rọ ẹnikẹ́ni lọ́rùn rí. Ní Lẹ́bánónì, àwọn Kristẹni kan wà tí à ń pè ní Maronite. Èdè Síríákì ni àwọn bàbá wọn fi ń sìn, èdè tó súnmọ́ èyí tí Jésù fúnra Rẹ̀ sọ. Nígbà tó yá, Lárúbáwá ni àwọn ènìyàn wọn ń sọ nílé àti lọ́jà. Bíṣọ́ọ̀bù wọn kan, Sarkis al-Rizzi, ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ ní Róòmù lórí Bíbélì Lárúbáwá. Ó kú ní ọdún 1638, ọdún 1671 ni wọ́n sì tó tẹ ìwé náà jáde. Kò fojú rí i. Ti Crowther sàn díẹ̀, òun fi ojú ara rẹ̀ rí tirẹ̀.

ADÉ ÀTI ẸKÚN

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá tó ń darí ọkọ̀ Myrmidon tó gbà á lójú òkun, tó ti darúgbó nígbà náà, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìyàwó òyìnbó míṣọ́nnárì kan tó kọ́ ọ ní ìwé ní kékeré náà wà níbẹ̀.

Odò Ọya ni wọ́n fún un láti máa ṣe ìtọ́jú. Níbẹ̀, ó bá wọn dá ìjọ sílẹ̀ ní Onitsha, ní Lọ́kọ́ja, ní Bonny. Ó kọ ìwé kíkà fún àwọn Ígbò àti fún àwọn Tápà, nítorí pé ohun tó ṣe fún èdè tirẹ̀ ló fẹ́ kí gbogbo èdè ní. Wọ́n tilẹ̀ dá a dúró nígbà kan ní ọdún 1867, ìjòyè kan ní ìhà Idah ní kí wọ́n san owó kí òun tó fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ korò. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó míṣọ́nnárì wá, wọ́n ní iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ dúdú tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò mọ́. Àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ti ṣẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi àwọn díẹ̀ ni wọ́n gbé ru gbogbo wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, nínú ìpàdé ní Onitsha, wọ́n dá àwọn àlùfáà rẹ̀ dúró lójú rẹ̀, àwọn ọmọ tó tó ọmọ ọmọ rẹ̀ ń gbó bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún lẹ́nu. Crowther kò bú wọn, ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891, ó sùn nínú Olúwa ní Èkó. Òyìnbó ni wọ́n fi sí ipò rẹ̀.

Ó pẹ́ kí ìjọ náà tó gbà pé àwọn ṣẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 2014, nígbà tí ó pé 150 ọdún tí wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n ṣe ìsìn ìdúpẹ́ àti ìrònúpìwàdà ní Canterbury, olórí ìjọ Áńgílíkà sì tọrọ àforíjì. Ọ̀rọ̀ tó rà mọ́lẹ̀ fún ọdún 120 tún hù.

OHUN TÍ A RÍ KỌ́

Ẹ̀yin ará, kí ni ìtàn yìí ń bá wa sọ? Èkínní, Ọlọ́run kì í ju ẹnikẹ́ni nù. Bí o bá wà ní ipò tí ayé fi ń díye lé ọ bí ẹṣin, má ṣe fún ara rẹ lọ́rùn. Ìwọ kò mọ iye ènìyàn tí yóò jẹ nínú ọjọ́ ọ̀la rẹ.

Èkejì, kí iṣẹ́ Ọlọ́run má ṣe sú wa nítorí iná. Ohun tí a kò bá jìyà fún, kì í tọ́jọ́. Ẹni tí ilé rẹ̀ jó lẹ́ẹ̀kan tí ó tún bẹ̀rẹ̀, òun ni a ń ka ìwé rẹ̀ lónìí.

Ẹ̀kẹta ni ó kan wa jù lọ ní Adja-Ouèrè. Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, Ẹ̀mí Mímọ́ kò fipá mú ayé láti gbọ́ èdè kan. Ó jẹ́ kí olúkúlùkù gbọ́ ní èdè tirẹ̀. Ẹnìkan lo ayé rẹ̀ kí èdè wa lè wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọmọ wa: wọ́n ń sọ ọ́, wọ́n ń fi í kọrin, àmọ́ tí a bá gbé Bíbélì Yorùbá fún wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè kà á, nítorí pé Faransé nìkan ni wọ́n kọ́ láti kà. Orin tí wọ́n ń kọ, etí ni wọ́n fi gbà á. Tí àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n kà bá kọjá lọ, ta ni yóò máa ka ẹ̀kọ́ fún ìjọ?

Nítorí náà a ń bẹ gbogbo ìjọ, ní ìlú àti ní abà: ẹ ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ kí a máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní kíkà Yorùbá. Kì í ṣe kí wọ́n pa Faransé tì. Crowther gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, kò sì gbàgbé Yorùbá. Ìyá tí kò mọ̀wé lè jókòó ti ọmọ rẹ̀. Ọmọ á máa kà, ìyá á máa tọ́ ọ sọ́nà níbi tó bá ti ṣi ohùn, nítorí pé ohùn náà wà lẹ́nu ìyá. Bí Crowther ti kọ́ èdè náà gan-an nìyẹn, lẹ́nu àwọn àgbà tí kò mọ̀wé.

Àwọn ìbéèrè tí a ó jíròrò nínú ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni ìwọ̀nyí. Kí ni ó sọ Àjàyí di ẹrú, kí ni ó sì sọ ọ́ di òmìnira? Kí ló dé tí kò fi kọ èdè rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó ti mọ Gẹ̀ẹ́sì? Nínú ilé rẹ, ta ló lè ka Orin Dáfídì kan ní Yorùbá láìṣe àṣìṣe, ta ni kò sì lè ṣe é?

Kí Olúwa tó gba Àjàyí lójú òkun gba olúkúlùkù wa nínú ohun tó bá dè wá. Kí Ó má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Rẹ̀ pòórá lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.